Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Tíṣà kẹ́mísírì ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, ojú pátákó nìkan ni iná ti ń jó. Ọmọ á kọ́ ọ sórí pé iná magnesium, irin kan tó ń jó, a máa funfun báláú, kò sì rí i rí. Nígbà tí practical WAEC bá wá dé, ọwọ́ á máa gbọ̀n.

Ní táàmù tó kọjá, àbẹ́là, ìṣáná àti ìgò ni mo kó wọ kíláàsì. Wọ́n da ìgò dé àbẹ́là tó ń jó. Iná náà rẹlẹ̀, ó ṣẹ́jú, ó kú. Ọmọbìnrin kan ní, "Sà, ó ti jẹ afẹ́fẹ́ tán." Mo ní rárá o: ọ́síjìn, tó jẹ́ bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́, ni iná ń lò, iná á sì kú kí ọ́síjìn náà tó tán pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, a fẹ́ àbẹ́là mìíràn pa. Èéfín funfun ń gòkè tín-ín-rín. Mo ní kí ọmọ náà mú ìṣáná tó ń jó sún mọ́ èéfín yẹn, kó má fi kan òwú. Iná bá èéfín sọ̀kalẹ̀ wìì, ó padà sórí òwú! Gbogbo kíláàsì hó yèè. Ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i pé ìda tó yọ́, tó sì di gáàsì gbígbóná, ló ń jó. Irú àbẹ́là bẹ́ẹ̀ ni Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní London ní 1848.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn ọ̀gá ilé ìwé lẹ́rù. Ní Amẹ́ríkà, methanol, irú ọtí olóró kan tó ń tètè gbiná, ti jó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára nínú kíláàsì, débi pé Chemical Safety Board, àjọ ìjọba tó ń wádìí jàǹbá kẹ́míkà níbẹ̀, fi ìkìlọ̀ síta ní 2014. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí jàǹbá náà ti ń wá: tíṣà á gbé odindi ìgò methanol, á dà á sórí iná tó rò pé ó ti kú. Iná á wọ inú ìgò, á sì tú jáde lu ọmọ tó jókòó níwájú. Ìgò yẹn ló yẹ ká lé kúrò ní kíláàsì, òun àti epo bẹntiróòlù.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo bẹ̀ yín. Garawa yanrìn kan, garawa omi kan, kí irun gígùn wà ní dídì, kí tíṣà sì kọ́kọ́ dán an wò nígbà tí kò sí ọmọ nítòsí. Àbẹ́là kan tó ọmọ mẹ́rin. Ẹ fún wa láyè kí sáà tuntun tó wọlé.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kẹ́mísírì kan,
Òṣogbo.