Àjíkẹ́ mi, jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti sọ fún ẹ

Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Mo gbọ́ fóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ kí n tó sùn, mo tún gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí kí n tó fọnu pàápàá. O ní wọ́n ti fi ẹ́ ṣe olórí tíìmù tó ń gbógun ti ibà Lassa l'Ọ̀wọ̀, o ní ẹ̀rù ń bà ẹ́ díẹ̀, kí n máa gbàdúrà. Àdúrà ti ń lọ, ìyẹn ò ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ, tí mo bá sì pè ẹ́ lórí fóònù wàá ní "Màámi, mo wà ní mítíìn, màá pè yín padà", ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tẹ èyí, kó o máa kà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tó o bá ráyè.

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ìlera ìlú, kó tó di pé mo fẹ̀yìn tì, ohun tí mo rí tó ń pa èèyàn jù ni kí wọ́n máa fi àìsàn pamọ́. Ẹni tó bá sì ń fi pamọ́, ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí kójú máa tì í. Tó o bá lè ṣe é kó rọrùn fún èèyàn láti wá sọ ohun tí ò dáa fún ẹ, aráàlú ni o, ọmọ tíìmù ẹ ni o, iṣẹ́ yẹn á ṣeé ṣe. Tí o ò bá rí ìyẹn ṣe, kò sí mọ́tò tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa gbé fún ẹ tó máa gbà ẹ́ là.

O mọ àpá tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi, tó o máa ń fọwọ́ pa nígbà tó o wà ní kékeré, tó o máa ń bi mí pé ṣé ejò ló bù mí jẹ. Sòbìà ni. Ní Ìdèrè tí wọ́n bí mi sí, ní Ìbàràpá, agboolé tí sòbìà ò wọ̀ nígbà yẹn ò wọ́pọ̀. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé omi adágún là ń mu, ó sì máa tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tó o ti mu omi yẹn kí aràn náà tó yọrí jáde lẹ́sẹ̀ ẹ, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro fáwọn òbí wa láti gbà pé omi ló fà á, torí ta ló fẹ́ rántí omi tó mu lọ́dún tó kọjá? Ohun tí wọ́n gbà ni pé ó ti wà lára oníkálukú látìgbà tí wọ́n ti bí i, ó kàn ń dúró de ìgbà tiẹ̀ ni. Màmá mi ló ń fi igi ìṣáná ká tèmi, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, kò gbọ́dọ̀ já, torí tó bá já sínú, ẹsẹ̀ yẹn á wú bí iṣu. Pípọ̀n ni wọ́n ń pọ̀n mí lọ sí balùwẹ̀, èmi tí mo ti tó ọmọ tó ń pọn omi.

Àwọn kan wá láti ibi tí mi ò mọ̀, mọ́tò ni wọ́n gbé wá, wọ́n dúró láàárín agboolé, wọ́n ń sọ pé ọ̀bùn ni wá, pé àwa la fọwọ́ ara wa fà á. Gbogbo ìyá tí sòbìà mú ọmọ ẹ̀ ló kó ọmọ sá lọ sẹ́yìn àká. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn àgbàdo gbígbẹ yẹn títí dòní, ọwọ́ màmá mi sì wà lẹ́nu mi kí n má baà ké. Wọ́n kọ iye tí wọ́n rí sínú ìwé wọn, wọ́n lọ. Irọ́ ni iye yẹn. Àwa la pa á, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ló kọ́ wa.

Ìgbà tó ṣe, obìnrin kan fẹsẹ̀ rìn wá, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí màmá mi ti ń yan gààrí, ó ní "Ìyá, kí lẹ mọ̀ nípa sòbìà yìí?" Màmá mi sọ tẹnu ẹ̀ tán, obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín, kò sì ní irọ́ ni. Ó ní kí wọ́n bá òun bu omi adágún sínú ìgò funfun kan, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní ká wò ó dáadáa. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan ń ta kiri nínú omi yẹn, wọn ò tó hóró iyọ̀. Ó wá fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú ìgò kejì, ó ní ká tún wo ìyẹn. Kò wàásù kankan. Màmá mi ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní "Èyí là ń mu?" Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bu omi nílé wa láìsẹ́ ẹ.

Ó yẹ kó o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ sòbìà parí sí. Níparí àwọn ọdún 1980 tí wọ́n kà á kárí Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ní 2008 wọ́n rí ẹni tó gbẹ̀yìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu, ó sì di 2013 kí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tó fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan o, kò sóògùn tó ń wò ó, aṣọ asẹ́ ni, omi gidi, òògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, àti àwọn èèyàn tó ń wọlé dé ilé lọ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí, o ti gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu mi tó ti sú ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń tì láti ké ńkọ́?

Ó ku èyí tí mi ò sọ fún ẹ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ lábúlé kan tó wà lábẹ́ wa. Mo dé ilé obìnrin kan, ọmọ ẹ̀ ti ń ṣu bí omi ìrẹsì, ojú ẹ̀ ti jìn wọnú, mo fa awọ ikùn ẹ̀ sókè, kò tètè padà. Inú bí mi. Mo pariwo mọ́ obìnrin yẹn níwájú gbogbo aládùúgbò, mo ní ṣé o fẹ́ pa ọmọ ni, mo ní wo omi tó ò ń mu, wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń ṣu sí. A po iyọ̀ àti ṣúgà, o mọ̀ ọ́n, omi lítà kan, ṣúgà síbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì síbí tíì, à ń fún un lẹ́kúnrẹ́rẹ́, a sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fi dírípù sí i. Ọmọ yẹn yè, mo wá ń rìn káàkiri bí ẹni tó ti ṣe bẹbẹ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wá sọ fún wa pé ọmọ ojúlé kejì ti kú. Ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń pariwo. Nígbà tí tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, onígbáméjì sì rèé, wákàtí mélòó kan ti tó o láti gbẹ̀mí ọmọ. Àjíkẹ́, ẹnu mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo lọ bẹ obìnrin yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní kò sí nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé nǹkan wà.

Torí náà tó o bá ń kó tíìmù ẹ jáde l'Ọ̀wọ̀, wo bí ẹ ṣe ń wọlé. Mo mọ̀ pé ọjọ́ 21 lẹ fi ń ṣọ́ ẹni tó fara kan aláìsàn, ẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara ẹ̀ gbóná. Ọjọ́ 21 gùn, ọmọ mi. Ẹ má máa gbé mọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sí lára lọ dúró síwájú ilé wọn, torí kó tó di ọ̀sán gbogbo àdúgbò á ti gbọ́, wọn ò ní ra tòmátì lọ́wọ́ ìyàwó ilé yẹn mọ́. Jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnì kan náà láá máa lọ láti ọjọ́ kìíní dé ìparí, ẹni tó ń sọ èdè Ọ̀wọ̀ dáadáa tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n mọ orúkọ ẹ̀, kóun náà mọ orúkọ àwọn ọmọ. Tó bá jẹ́ aláàárù ni bàbá ilé tẹ́ ẹ wá ní kó má jáde, kí ló fẹ́ jẹ? Wá oúnjẹ fún wọn, bẹ kánsù, bẹ ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ mọ́ṣáláṣí. Ẹni tébi ń pa á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kò sì ní sọ fún ẹ.

Àwọn tó ń ta òògùn ní kẹ́míìsì, mú wọn lọ́rẹ̀ẹ́ kó o tó mú ẹnikẹ́ni lọ́rẹ̀ẹ́. Ibà Lassa máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́míìsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Tí ẹni tó ń ta òògùn bá mọ̀ pé tóun bá pè ẹ́ o ò ní wá ti ṣọ́ọ̀bù òun pa, á pè ẹ́ lọ́jọ́ kẹta, tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹwàá lẹ máa gbọ́, nígbà tẹ́jẹ̀ ti ń yọ. Àwọn obìnrin tó ń sá láfún àti gààrí sẹ́bàá títì náà, mo mọ̀ pé eku ló ń kó ibà yìí bá oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má kàn dé kẹ́ ẹ máa dà á nù. Ọjà wọn ni. Bá ìyálọ́jà jókòó, kẹ́ ẹ jọ wá ibi gíga tí eku ò ní dé, àti ike tó ní ìdérí.

Wàyí o, àwọn ọmọ tíìmù ẹ. Ibi yìí ló ń dùn mí jù. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gún un lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀gá ibẹ̀ ti na ẹlòmíì ní ọ̀rọ̀ ní mítíìn torí irú ẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Lọ́mọ bá fi pílásítà dí i, ó ń bá iṣẹ́ lọ, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni ò fojú kan oorun. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìwọ náà mọ bí ibà yìí ṣe gba orúkọ, ní 1969, nọ́ọ̀sì míṣánnárì kan ní Lassa ní Borno, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹ̀ kó o, òun náà kú, ẹ̀kẹta kó o, òun ló yè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti ń pa àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Tí ìbọ̀wọ́ bá ya mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, tí abẹ́rẹ́ gún un, kó jẹ́ pé ìwọ ló máa kọ́kọ́ pè, kódà lóru, ohun tó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ ni "o ṣeun tó o sọ". Má bá ẹnikẹ́ni wí lórí WhatsApp tíìmù. Ẹni tó bá jìyà ẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò lásán láá máa fi sí gbogbo nǹkan. Kó o sì san owó ọ̀kadà wọn lásìkò, torí ẹni tí ò rówó ọ̀kadà á jókòó sílé, á kọ tẹmpiréṣọ̀ sínú fọ́ọ̀mù látorí.

Rántí Ebola, 2014, o ṣì wà ní yunifásítì, ìwọ lo pè mí pé wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Adadevoh tó kọ̀ tí ò jẹ́ kí aláìsàn tó gbé e wọ Èkó kúrò nílé ìwòsàn wà nínú wọn. Àwọn tí wọ́n tọpasẹ̀ jẹ́ 894, ilé dé ilé, ìgbà tí wọ́n lọ wò wọ́n lé ní 18,000. Síbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo sá lọ sí Port Harcourt, dókítà kan tọ́jú ẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì, kò sọ, òun fúnra ẹ̀ kú, ìyàwó ẹ̀ náà kó o. Dókítà ni o, ẹni tó mọ̀wé. Ẹ̀rù ò mọ ọ̀mọ̀wé.

Bó o ṣe ń fẹ́ kí wọ́n máa sọ òótọ́ fún ẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni kó o máa sọ ọ́ fáwọn tó wà lókè ẹ. Wọ́n á pè ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kí iye tó o kọ dín díẹ̀ torí àlejò ń bọ̀. Fi pẹ̀lẹ́ dáhùn, kí wọn dáadáa, má yí nọ́ńbà kankan. Tó bá sì jẹ́ òfo lẹ rí lọ́sẹ̀ yẹn, kó jẹ́ òfo tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ rí.

Jẹun kó o tó jáde. Mo ti bá ọkọ ẹ sọ̀rọ̀, ọmọ á wá sọ́dọ̀ mi títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi rọlẹ̀, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, má bínú sí i. Dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀ máa gbé èlùbọ́ àti gààrí wá fún ẹ, ike méjì ni, aláwọ̀ búlúù ni gààrí, ìdérí ẹ̀ le díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa títí tó o fi máa gbọ́ ọ kó dún kẹ̀. Lálẹ́ Sunday ni kó o pè mí, kó o sọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí, èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa.

Èmi ni,
Màámi ẹ