Kí A Tó Fi Gbajúmọ̀ Kan Wé Èkejì Nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe abala eré ìdárayá ìwé ìròyìn yìí. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni bí a ṣe ń fi àwọn gbajúmọ̀ tó ń gba àmì jù lọ ní líìgì NBA ti Amẹ́ríkà wé ara wọn. Ọ̀nà méjì péré ni àríyànjiyàn náà máa ń gbà. Àwọn kan á ka iye àmì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà, wọ́n á sì fi ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù jọba. Àwọn mìíràn á ka iye ife ẹ̀yẹ, wọ́n á sì fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú gbogbo ẹni tí kò bá ní. Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì ló ń rẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí jẹ. Iye àmì tí ènìyàn ń gbà kò ṣẹ́yìn irú àwọn tó yí i ká, bákan náà ni iye ife tó gbé lọ sílé, ẹni tí kò bá sì kọ́kọ́ yẹ ikọ̀ wò kò tíì lè mọ ohun tí iye náà ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Wilt Chamberlain, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde bí ọ̀rọ̀ iye bá délẹ̀. Ní sáà 1961 sí 1962, ìpíndọ́gba àmì tó ń gbà nínú eré kọ̀ọ̀kan fún ikọ̀ Philadelphia Warriors jẹ́ 50.4. Nínú sáà yẹn kan náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1962, ó gba 100 àmì lórí New York Knicks ní ìlú Hershey. Kò tíì sí ẹni tó dé ibẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ọgọ́rùn-ún náà ṣe wá. Ìgbà 63 ló ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ tí 36 fi wọlé fún àmì méjì méjì, ó sì tún rí 28 he nínú 32 tó jù lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn fáùlù, àmì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí eré ń lọ sópin, ńṣe ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáùlù sí àwọn Knicks kí bọ́ọ̀lù lè tètè padà sọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì tún gbé e fún un. Lásìkò yẹn, ikọ̀ kan ń ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ ju ìgbà 100 lọ nínú eré kan, nígbà tó jẹ́ pé bíi 90 ni ti òde òní, kò sì tíì sí ìlà tí wọ́n ti ń jù ú fún àmì mẹ́ta. Sáà 1979 sí 1980 ni èyí wọ líìgì náà. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé 50.4 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 33.9 tí Luka Dončić fi ṣáájú gbogbo líìgì ní sáà 2023 sí 2024, tí kò sì dárúkọ àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí, kò tíì fi ohunkóhun wé ohunkóhun.

Ta ló wá gba ife ní ọdún 1962? Boston Celtics ni. Bill Russell, tí ìpíndọ́gba tirẹ̀ kò ju 18.9 lọ ní sáà náà, ló dúró ní ojú apẹ̀rẹ̀ wọn. Àwọn tó lè gba àmì tí wọ́n sì yí i ká pọ̀ débi pé kò sí ẹnì kan tí alátakò lè gbájú mọ́. Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé Chamberlain kàn ń gba àmì lásán. Eré keje ni ikọ̀ méjèèjì fi yanjú ọ̀rọ̀ wọn ní ìhà ìlà-oòrùn, 109 sí 107 ni àbájáde rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí Sam Jones ti Celtics jù nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kù ló sì yà wọ́n. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá ti ta dànù ńkọ́? Bóyá ohun mìíràn pátápátá ni à bá máa sọ nípa ọkùnrin yìí lónìí.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìdáhùn tó wù mí jù dé. Chamberlain ti wà ní Philadelphia 76ers nígbà náà. Ọdún méje gbáko ló ti fi ṣáájú gbogbo líìgì nínú gbígba àmì láìgba ife kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Alex Hannum wá ní kó dín bọ́ọ̀lù tó ń jù kù, kó sì máa pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbà. Ìpíndọ́gba rẹ̀ já wálẹ̀ sí 24.1, ikọ̀ náà borí nínú eré 68, wọ́n ṣẹ́gun Celtics tí wọ́n ti gba ife ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ léraléra, wọ́n sì gba ife ti ọdún 1967 lórí San Francisco Warriors, ikọ̀ tí Rick Barry, ẹni tó gba àmì jù lọ ní sáà náà, wà. Ta ló wá sàn jù, Chamberlain ti 50.4 ni tàbí ti 24.1? Mo gbà pé ẹnì kan náà ni. Ohun tí ikọ̀ rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló yí padà.

Michael Jordan náà kọjá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ó gba 63 àmì ní ilé àwọn Celtics, síbẹ̀ ikọ̀ rẹ̀, Chicago Bulls, fìdí rẹmi lẹ́yìn àfikún àkókò ẹ̀ẹ̀mejì. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìpíndọ́gba rẹ̀ gòkè dé 37.1, èyí tí kò tún ní ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n eré 40 ni Bulls borí tí wọ́n sì pàdánù 42, àwọn Celtics kan náà sì gbá wọn dànù láìjẹ́ kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí Phil Jackson gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Jordan, Scottie Pippen àti Horace Grant, sì ti gbó nínú iṣẹ́ wọn, ni nǹkan yí padà. Nínú eré karùn-ún àṣekágbá ọdún 1991, ní ilé àwọn Los Angeles Lakers, ẹni méjì ní ń pagbo mọ́ Jordan bó bá ti gba bọ́ọ̀lù. Jackson kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ jọ, ó ń bi Jordan léraléra pé ta ni kò ní alátakò lára, títí tó fi dáhùn pé John Paxson ni. Láti ìgbà náà, Jordan á wọ àárín bí ẹni tó fẹ́ jù ú, àwọn Lakers á ya bò ó, òun á sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Paxson níbi tó dá dúró sí. Àmì 20 ni Paxson gbà lọ́jọ́ náà, Bulls fi 108 sí 101 borí, ife àkọ́kọ́ wọn sì nìyẹn. Sáà yẹn náà ni Jordan fi 31.5 ṣáájú líìgì. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, 31.5 kéré sí 37.1, ṣùgbọ́n kò sí olólùfẹ́ Bulls kan tí yóò gbà láti fi ọ̀kan ṣe pàṣípààrọ̀ èkejì.

Àwọn tó gba àmì jù lọ tí wọ́n sì tún gba ife nínú sáà kan náà kò pọ̀ rárá. Títí di òpin sáà 2024 sí 2025, ènìyàn mẹ́fà péré ni: Joe Fulks ní 1947, George Mikan ní 1949 àti 1950, Kareem Abdul-Jabbar ní 1971 nígbà tó ṣì ń jẹ́ Lew Alcindor, Jordan ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, Shaquille O'Neal ní 2000, àti Shai Gilgeous-Alexander ní 2025. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Nínú ìdíje ìparí sáà, alátakò kan náà ni ikọ̀ yóò máa bá pàdé títí ọ̀kan yóò fi borí lẹ́ẹ̀mẹrin, àyè sì wà fún wọn láti kọ́ gbogbo ìrìn ẹsẹ̀ gbajúmọ̀ kan. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó lè jẹ wọ́n níyà nígbà tí wọ́n bá pagbo mọ́ ọn, ọ̀nà ti dí. Gilgeous-Alexander gba 32.7 ní ìpíndọ́gba ní sáà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Jalen Williams ló gba 40 nínú eré karùn-ún àṣekágbá fún Oklahoma City Thunder.

Ẹni tó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń ka orúkọ nípa iye nìkan ni Hakeem Olajuwon, nítorí kò ṣáájú líìgì nínú gbígba àmì rí. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà 1993 sí 1994, àwọn ẹlẹgbẹ́ David Robinson ní San Antonio Spurs ń gbé bọ́ọ̀lù fún un ṣáá, ó gba 71 lórí Clippers, ó sì ṣáájú gbogbo líìgì. Ṣùgbọ́n ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ìparí sáà ni wọ́n ti já wọn, Houston Rockets ti Olajuwon ló sì gba ife. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Olajuwon bá Robinson pàdé, ó ń gba 35.3 ní ìpíndọ́gba lórí rẹ̀ títí Rockets fi borí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Orlando Magic ti O'Neal, ẹni tó gba àmì jù lọ ní sáà ọ̀hún, wọ́n sì fi 4 sí 0 gba ife. Rudy Tomjanovich, akọ́nimọ̀ọ́gbá Rockets, ti to àwọn tó mọ ọ̀nà jíjù láti òkèèrè yí Olajuwon ká: Kenny Smith, Robert Horry, Mario Elie, Sam Cassell. Bí ẹni méjì bá sáré sí i, bọ́ọ̀lù á ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní 3,830 bọ́ọ̀lù alátakò tó fọwọ́ gbá dànù, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá nínú ìtàn líìgì náà, kò sì sí èyí tó hàn nínú ìpíndọ́gba àmì.

Ní òdì kejì, a kò gbọ́dọ̀ fi àìnífe dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́bi. Wọ́n máa ń sọ pé Allen Iverson ń ju bọ́ọ̀lù ṣòfò, nítorí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọlé fún un ní sáà 2000 sí 2001. Larry Brown, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní Philadelphia 76ers, ló mọ̀ọ́mọ̀ to ikọ̀ náà bẹ́ẹ̀: Eric Snow, Aaron McKie, George Lynch àti Dikembe Mutombo wà níbẹ̀ láti dènà, iṣẹ́ gbígba àmì sì di ti Iverson. Ó fi 31.1 gbé wọn dé àṣekágbá, ó sì gba 48 nínú eré kìíní lórí Lakers, eré kan ṣoṣo tí Lakers pàdánù nínú gbogbo ìdíje ìparí sáà ọdún náà. Kobe Bryant ti Lakers, tó gba 81 lórí Toronto Raptors ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 2006, fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́ ní ọdún yẹn kan náà. Nínú eré keje pẹ̀lú Phoenix Suns, ìgbà mẹ́ta péré ló ju bọ́ọ̀lù ní ìdajì kejì, wọ́n sì bú u pé kò jù tó. Bó bá sì ti jù ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ì bá bú u pé ó jù jù. Lẹ́yìn tí Pau Gasol dé ikọ̀ rẹ̀, ife 2009 àti 2010 tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìpíndọ́gba tí kò tó 28.

Detroit Pistons ọdún 2004 gba ife láìní ẹni tó ń gba 20 ní ìpíndọ́gba, òótọ́ ni, àmọ́ irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé a kò lè sọ ọ́ di òfin.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Bí ẹ bá ń tẹ àtẹ àwọn tó ń gba àmì jù lọ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ju bọ́ọ̀lù àti iye tó ń wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ iye eré tí ikọ̀ rẹ̀ ti borí, ẹ sì jẹ́ kí a mọ bí ikọ̀ náà ṣe ń ṣe nígbà tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Bí ó bá di ìdíje ìparí sáà, kí ẹ ya iye tibẹ̀ sọ́tọ̀, kó má bàa dàrú mọ́ ti àárín sáà. Orúkọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín