Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, ẹ má fi ìtọ̀ tó ń jò pamọ́ mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí tí àwa àgbà ò bá sọ ọ́, ta ló máa sọ ọ́ fún yín? Mo ń rí yín lóde àríyá. Ẹ̀rín díẹ̀ báyìí, ẹ ti fún itan pọ̀. Ìlù á dùn tó dùn, ẹ ò ní fò, aṣọ dúdú lẹ sì máa ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà kó má baà hàn. Ó yé mi. Ìtọ̀ ló ń jò.

Kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín. Iṣan kan wà nísàlẹ̀ ikùn wa, láàárín egungun ìdí, ó tẹ́ bí ẹní, òun ló gbé àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ dúró. Oyún àti ìbímọ máa ń fà á, ọjọ́ orí náà ń mú un dẹ̀, tí ọ̀rá ikùn bá wá pọ̀ lé e, àárọ̀ dalẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, débi pé tí ikọ́ kékeré bá dé, kò lè di ẹnu àpò ìtọ̀ mú mọ́.

Ibi tí inú mi ti dùn rèé. Lọ́dún 2009, Dókítà Leslee Subak àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, Providence àti Birmingham ni wọ́n ti ṣe é, Birmingham ti Alabama o, kì í ṣe tìlú ọba. Obìnrin 338 tó sanra ni, ìtọ̀ sì ń jò lára wọn tó ìgbà 10 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Wọ́n ní káwọn kan dín oúnjẹ kù kí wọ́n sì máa rìn dáadáa, ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún àwọn tó kù. Lẹ́yìn oṣù 6, àwọn tó gbájú mọ́ ọn ti fọn ní ìdá 8 nínú 100, jíjò yẹn sì dín kù ní ìdá 47 nínú 100, ti àwọn yòókù ò ju 28 lọ. Ẹ wo ìdá 8 yẹn dáadáa ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó jẹ́ 100 kílò, kílò 8 péré ni, kò tíì di òpẹ́lẹ́ńgẹ́ rárá! Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó ń sọ fún yín pé àfi kẹ́ ẹ dà bí àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí Instagram. Jíjò tó ń bá ikọ́, ẹ̀rín àti ẹrù gbígbé wá ló sì gbọ́ràn jù.

Waist trainer yẹn, bẹ́líìtì tẹ́ ẹ fi ń fún ikùn, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún ikùn mọ́ra tipátipá, ìsàlẹ̀ ló máa tì í sí, orí iṣan tó ti dẹ̀ yẹn náà ni. Tíì tó ń mú yín ṣu, omi ara lẹ̀ ń dà nù, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i, ẹ fi omi rọ́pò mínírà. Ẹ má sì fi omi du ara yín torí kí ìtọ̀ má baà jò o, ìtọ̀ tó bá ki máa ń ta àpò ìtọ̀, ìgbẹ́ á tún le, ẹni tó bá sì ń fi gbogbo agbára tìgbẹ́ ń ba iṣan yẹn jẹ́ sí i ni.

Ẹ tún kọ́ iṣan náà níṣẹ́. Dókítà Arnold Kegel ti kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1948. Ẹ ṣe bíi pé ẹ fẹ́ dá ìsó àti ìtọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fà á sókè sínú, ẹ má fún ìdí, ẹ má sé èémí, ẹ dì í mú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tí ikọ́ bá ń bọ̀, ẹ tètè fún un kó tó dé.

Àmọ́ tí nǹkan bá ti ń yọ jáde lójú ara, fífọn nìkan kì í sábà dá a padà, ẹ lọ rí dókítà àti físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ẹ má dúró. Tó bá sì ń jò tọ̀sán tòru lẹ́yìn ìbímọ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísanra, ihò lè wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi ń dí i. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má ṣe sọ pé ìdí ló ń ro yín, ẹ là á mọ́lẹ̀ pé ìtọ̀ ń jò, kẹ́ ẹ sì sọ iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀.