Ìbéèrè tí a ń bi egbòogi ti kéré jù

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tó ń polówó egbòogi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá ìwádìí fi ń wọ̀n ọ́n: ṣé ó ń pa kòkòrò? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò tó: ó yẹ kí a tún béèrè bóyá ó ń dí àrokò tí àwọn kòkòrò ń pa síra wọn.

Bakitéríà máa ń pàrokò síra wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tú èròjà kẹ́míkà síta. Nígbà tí wọn kò bá pọ̀, èròjà náà á ṣòfò lásán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pọ̀ sójú kan, òun náà á pọ̀ débi tí wọn yóò fi mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti pé, tí wọn yóò sì jùmọ̀ dáwọ́ lé ohun tí ẹyọ kan kò tó ṣe. Lára Vibrio fischeri, bakitéríà inú òkun tó ń tan ìmọ́lẹ̀, ni Nealson, Platt àti Hastings ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní ọdún 1970. Ti Pseudomonas aeruginosa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ rárá: ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pé nínú ọgbẹ́ iná ni ó ń tu ọ̀pọ̀ nínú oró rẹ̀ jáde.

Bakitéríà mìíràn, Chromobacterium violaceum, ni a lè fi dán an wò bóyá egbòogi kan ń dí àrokò, nítorí pé àwọ̀ elésè-àlùkò ni ó ń mú jáde bí àrokò bá kárí. Bí a bá kán omi egbòogi sí i nínú àwo, tí ojú ibẹ̀ mọ́ kedere, egbòogi ti pa á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì hù níbẹ̀, tí àwọ̀ nìkan pòórá, àrokò ni kò dé. Èyí kejì ni mo ń gbẹnu sọ fún, torí pé ẹni tó ń wá ojú mímọ́ nìkan yóò dà á nù, bẹ́ẹ̀ ìrètí wà pé kòkòrò tí a kàn dí létí kò ní tètè kọ́ bí a ṣe ń borí oògùn bí èyí tí a fẹ́ pa.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Denmark kọ̀wé pé ajoene, èròjà kan inú aáyù, ń dí Pseudomonas lọ́wọ́ lọ́nà yìí. Ewéko òkun pupa ilẹ̀ Ọsirélíà, Delisea pulchra, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ oró wà nínú àwọn kan lára èròjà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí pa oògùn dókítà tì, kó máa jẹ aáyù. Ìwọ̀n inú ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n lò.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn tó ń yẹ pákò àti efinrin wò ní yunifásítì wa fi àwo elésè-àlùkò yìí kún ìdánwò wọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.