Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Pé Ta Ló Ń Ṣọ́ Owó Náà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílùú Òyìnbó àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá èyí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín pé ẹ ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ alẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í ka lẹ́tà tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ nípa rẹ̀. Ẹ ní ọjọ́ alẹ́ ṣì jìnnà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ alùpùpù Norton fún yín, bó ṣe kógbá sílé lọ́dún 2020, àti ohun tí ojú àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì wọn wà níbẹ̀ rí.

Bí wọ́n bá dárúkọ Norton lójú àwa àgbà tí a fẹ́ràn alùpùpù, orí wa a máa wú. James Lansdowne Norton ló dá a sílẹ̀ ní Birmingham lọ́dún 1898. Èlò kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó bọ́ sídìí alùpùpù. Nígbà tí wọ́n sá eré-ìje TT fún ìgbà àkọ́kọ́ ní erékùṣù Isle of Man lọ́dún 1907, alùpùpù Norton ló gbégbá orókè láàrin àwọn onísìlíńdà méjì. Ó tún gba ife-ẹ̀yẹ jìnnà lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún 1967 ni wọ́n gbé Commando jáde, èyí tí àwọn arúgbó Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń nù ní gáréèjì wọn dòní olónìí.

Ṣùgbọ́n òkìkí kì í san gbèsè. Lọ́dún 1953, ilé-iṣẹ́ míì ra Norton. Lọ́dún 1966, ilé-iṣẹ́ tó rà á náà ṣubú. Wọ́n tún dà á pọ̀ mọ́ Triumph, ilé-iṣẹ́ alùpùpù míì, lọ́dún 1973, ìjọba fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, síbẹ̀ kí ọdún 1980 tó dé, iṣẹ́ ti dákẹ́. Orúkọ náà wá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì títí ó fi dé Amẹ́ríkà.

Lọ́dún 2008, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, Stuart Garner, ra orúkọ Norton padà wá sí Ìlú Ọba. Inú àwọn èèyàn dùn gan-an, kò sì yẹ kí a bá wọn wí. Ó gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí Donington Hall, ilé ńlá àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ tó ti jẹ́ olú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú BMI rí. Bí àlejò bá débẹ̀, ẹ̀rù ohun ńlá ni yóò kọ́kọ́ bà á. Lọ́dún 2015, George Osborne tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kéde £4 mílíọ̀nù láti ọ̀dọ̀ ìjọba fún Norton àti àwọn tó ń pèsè ohun èlò fún un. Ta ni yóò rí mínísítà níbẹ̀ tí kò ní sọ pé ibẹ̀ fìdí múlẹ̀?

Wọ́n gbé alùpùpù tuntun kan jáde ní òpin ọdún 2016, wọ́n pè é ní V4. Ẹ̀rọ onísìlíńdà mẹ́rin, 1200cc. Fírémù alumíníọ́mù rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ nù títí ó fi ń dán bí awò-ojú, ẹ lè rí eyín yín nínú rẹ̀. Èyí tó wọ́n jù, V4 SS, £44,000 ni. Àwọn olùfẹ́ Norton san àsansílẹ̀, àwọn míì san gbogbo owó rẹ̀, wọ́n sì jókòó de alùpùpù. Ọdún ń yípo. Àwọn tó rí tiwọn gbà kò pọ̀.

Owó wo ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo fáàrí yìí? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín gan-an nìyí.

Láàrin ọdún 2012 sí 2013, àpò owó ìfẹ̀yìntì mẹ́ta ni wọ́n dá sílẹ̀. Wọ́n sọ àwọn kan nínú wọn ní orúkọ alùpùpù Norton, Dominator àti Commando. Àwọn aláròóbọ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri, wọ́n ní kí wọ́n kó owó ìfẹ̀yìntì wọn kúrò níbi tó wà wá sínú àpò tuntun yìí. Àwọn tó gbà lé ní igba, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ ní Norton rí láyé wọn. Owó wọn lé ní £10 mílíọ̀nù. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ra ìpín nínú òwò Norton.

Ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Stuart Garner ni, ọ̀gá Norton.

Ẹ jẹ́ kí n fi alájọ ṣàlàyé rẹ̀. Ìyá yín ń dá àjọ, alájọ ń wá lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì. Ṣùgbọ́n alájọ yìí ní ìsọ̀ tirẹ̀ nínú ọjà. Bí ìsọ̀ náà bá nílò ọjà, kò lọ bá ẹnikẹ́ni yáwó. Òun fúnra rẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kí òun yá ara òun lówó àjọ, òun náà ni yóò sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Káàdì ìyá yín pé, àmì kò dín kan. Owó ni kò sí. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ owó bi ẹni tó fẹ́ gbà á, bóyá òwò rẹ̀ ń lọ dáadáa, bóyá ó ti san gbèsè àná, bóyá ìgbà wo ni yóò dá a padà, kò sí ẹni tó bi í.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú èyí tẹ́lẹ̀. Ó sọ pé nínú 100 owó ìfẹ̀yìntì, a kò gbọdọ̀ fi ju 5 lọ sínú òwò agbanisíṣẹ́ tó ni ètò náà. Nínú àpò mẹ́ta yìí, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ẹ sì tún wo irú ìwé tí wọ́n gbà dípò owó wọn. Ìwé ìpín ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá wọ gbèsè, báǹkì tó ní ohun ìdúró lọ́wọ́ ló ń kọ́kọ́ gba owó rẹ̀, lẹ́yìn náà làwọn yòókù tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ lówó. Ẹni tó di ìwé ìpín mú, ìdí ìlà pátápátá ló ń tò sí.

Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó wọn, wọn kò rí ìdáhùn gidi. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Pensions Ombudsman, ẹni tí ìjọba yàn láti máa gbọ́ ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́dún 2019, àjọ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì gba àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ Garner, wọ́n fi olùtọ́jú míì síbẹ̀. Ní January 2020, àwọn agbowó-orí ìjọba ti gbé Norton lọ sí kóòtù lórí gbèsè tó tó £300,000. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù náà, báǹkì pe àwọn onímọ̀ ìṣirò BDO wọlé láti wá gba àkóso, ó parí. Nǹkan bí 100 òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ombudsman dájọ́ pé Garner hùwà àìṣòótọ́, pé kó dá owó náà padà. Ní 2022, ó jẹ́wọ́ ẹ̀sùn mẹ́ta ní kóòtù pé òun rú òfin 5 nínú 100 yẹn. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 8 fún un, ṣùgbọ́n kò ní wọ ẹ̀wọ̀n náà bí kò bá tún ṣẹ̀ láàrin ọdún 2.

Inú mi kì í dùn tí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn náà. Ẹni tó ti fi ogún ọdún yọ owó díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀, tó wá gbọ́ pé kò sí i mọ́ nígbà tí eékún ti ń dùn ún, ẹjọ́ wo ni a dá tó lè tù ú nínú?

Ilé-iṣẹ́ TVS láti India ló ra Norton ní April 2020, £16 mílíọ̀nù ni wọ́n san lówó kan. TVS yìí kan náà ni àwọn ọlọ́kadà yín ń gùn ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun sí Solihull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tú V4 àtijọ́ yẹ̀ wò, àbùkù 35 ni wọ́n kà lára rẹ̀, débi pé lọ́dún 2021 wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ní in pé kí wọ́n má gùn ún mọ́. Fírémù tó ń dán bí awò-ojú yẹn náà ni o. Àwọn kan ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí mi. Ẹwà ti bù sí Norton lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àwọn èèyàn tí a fi kọ́ ilé àkọ́kọ́ kò bá ẹwà náà padà wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá òwò sílẹ̀ láàrin yín, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún yín. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó lè ṣe irú èyí, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Yóò máa sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọjà yìí bá ti tà, òun yóò dá a padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ẹ bá ń gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹlòmíì sì wà tí yóò bá yín fọwọ́ sí i kí ẹ tó mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí òwò yín kò bá lè yá owó lọ́wọ́ ẹni tó lè sọ pé rárá, ẹ dín òwò náà kù.

Ẹ̀yin tó wà nílé, òfin owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà láti 2004 ṣe ohun kan tó dára: PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń darí owó ìfẹ̀yìntì, ló ń pinnu ibi tí owó yín ń lọ, PFC, ilé-iṣẹ́ míì lọ́tọ̀, ló ń di owó náà mú, PenCom, àjọ ìjọba, ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètò tó yá ju ìyẹn lọ tàn yín. Ẹ̀yin tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ṣàdédé pè yín lórí fóònù nípa owó ìfẹ̀yìntì, òfin ti kà á léèwọ̀ láti 2019, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín kó o jáde kí ẹ tó pé ọmọ ọdún 55 láìsí àìsàn líle, ẹ sá fún un, ì báà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín ni ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fi orúkọ ńlá, ilé ńlá tàbí fọ́tò mínísítà hàn yín, ẹ ní ẹ ti rí i, kí wọ́n wá sọ orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ owó náà fún yín, àti ohun tó pa òun àti ẹni tó ń ná an pọ̀.

Lẹ́tà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, èyí tí ẹ kò tíì tú, ẹ tú u lálẹ́ òní. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn olùtọ́jú sí. Bí orúkọ ọ̀gá yín nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń mójú tó o kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Èmi ni,
Bàbá yín tó fẹ́ràn yín.