Lẹ́tà sí Kọ́lá: Aago Tí Wọ́n Ní Ó Ti Bàjẹ́

Philadelphia,
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ara Bàbá ńkọ́? Àwọn gan-an ni mo rántí tí mo fi mú bírò. O ò lè gbàgbé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀, tí àwa méjèèjì máa ń jókòó sí lẹ́yìn iléèwé, tí wọ́n á fi awò kékeré yẹn há ojú kan, tí wọ́n á ní ká má mí lé orí tábìlì kí irin wọn má baà fò lọ.

Sátidé tó kọjá, mo lọ síbi tí àwọn ọmọ kan ti ń ta ẹrù bàbá wọn tó kú. Mo rí aago àpò méjì. Ọ̀kan ń dán yinrin, wọ́n fín ọkọ̀ ojú irin sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń rú èéfín. Obìnrin tó ń tà á ní aago òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ó gba ọgọ́rin dọ́là lọ́wọ́ mi. Èkejì ò ní ọnà kankan lára. Ó ní ìyẹn ti bàjẹ́, pé èèyàn á fa kókó orí rẹ̀ títí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní yí. Dọ́là mẹ́wàá ló fi lé mi lọ́wọ́, bí ẹni ń fi ènì sí ọjà.

Àwòrán yẹn ló mú mi. Mo délé, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìdérí ìgò, jewel (òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹsẹ̀ àwọn irin inú aago ń yí nínú rẹ̀) méje péré ni mo bá. Òfin rélùwéè kò gba ohun tó kéré sí 17! Àṣé nígbà náà, ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ lèyí tó ń ṣe ilé aago. Oníbàárà á mú ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ká, á mú ilé tó wù ú, ẹni tó ń tà á á kó wọn pọ̀. Àgbẹ̀ tó kàn fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin lè ra irú èyí. Wọ́n kọ 20 years sínú ìdérí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún, àṣé wúrà tí wọ́n fi bò ó lára ni.

Díẹ̀ ló kù kí n má ṣí èkejì rárá. Kọ́lá, Hamilton 992 ni, ojúlówó aago rélùwéè! 21 jewels, Adjusted 5 positions. Lancaster tí wọ́n ti ṣe é kò jìnnà síbí, 1892 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ni mo fi wá ọjọ́ orí rẹ̀ (nọ́ńbà ara ilé kò wúlò fún ìyẹn), ó bọ́ sí àwọn ọdún 1920.

Bíbàjẹ́ tí wọ́n ní ó bàjẹ́ ńkọ́? Irọ́ ni. Tú gíláàsì iwájú, wo etí ojú aago, irin pẹlẹbẹ kan fara pamọ́ síbẹ̀. Èékánná ni wàá fi fà á jáde kí ọwọ́ tó lè yí. Rélùwéè ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń wáìǹdì aago lẹ́nu iṣẹ́ má ṣèèṣì yí àkókò padà. Wọ́n ti jìyà rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1891, ní Kipton ní ìpínlẹ̀ Ohio, aago awakọ̀ kan dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tún ń lọ, ọkùnrin náà ò sì fura. Ọkọ̀ rẹ̀ àti ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà forí gbárí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe Webb C. Ball, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Cleveland, pé kó wá yẹ aago àwọn òṣìṣẹ́ wò. Òfin wá le: ojú funfun, nọ́ńbà dúdú gàdàgbà, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ju 30 ìṣẹ́jú àáyá lọ lọ́sẹ̀. Ìbáà dojú sókè, ìbáà dojú bolẹ̀, ìbáà dúró, ìbáà fi ẹ̀gbẹ́ dúró. Ìtumọ̀ positions yẹn nìyẹn.

Mo wáìǹdì í, ó ń lọ, àmọ́ ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà fà sẹ́yìn lójúmọ́. Òróró inú rẹ̀ ti gan. Owó tí alátùn-únṣe ibí pè kọjá igba dọ́là, mo ní kó dúró ná. Mò ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá. Bá mi bẹ Bàbá, kí wọ́n má tíì fún ẹnikẹ́ni ní àpótí irinṣẹ́ wọn, pàápàá awò yẹn. Má sì sọ irú aago tó jẹ́ fún wọn o. Mo fẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Túndé