Ẹ bá wa kọ̀wé nípa atẹ́gùn tó ń gbé bàálù dúró

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Tíṣà fíísíìsì ni mí nílùú Òṣogbo, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Ohun tó ń dùn mí ni pé tẹ́ ẹ bá ti máa dárúkọ bàálù, àfi kó jẹ́ pé ó já, tàbí kí owó tíkẹ́ẹ̀tì ti gbówó lórí. Nǹkan tó ń gbé e dúró lókè gan-an ẹ kì í kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun làwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí.

Apá bàálù ló ń gbé e dúró, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn sì gbọ́dọ̀ máa lẹ̀ mọ́ òkè apá yẹn bó ṣe ń kọjá. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí kan omi ẹ̀rọ tó ń dà, bí ṣíbí yẹn ṣe tẹ̀ ni omi náà á ṣe máa tẹ̀ lé e, ohun tó jọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí páílọ́ọ̀tì bá gbé imú bàálù sókè jù, atẹ́gùn á ṣí kúrò lára apá, á máa pòyì lẹ́yìn ibẹ̀, bàálù á sì máa já bọ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí bàálù Air France lórí òkun Àtìláńtíìkì nìyẹn lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2009, yìnyín ló kọ́kọ́ dí ihò tí wọ́n fi ń wọn eré ẹ̀, páílọ́ọ̀tì wá gbé imú ẹ̀ sókè, èèyàn 228 ló bá a lọ, ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ títí tó fi kan omi. Mi ò sọ pé nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí ni ì bá gbà wọ́n là o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí ṣe lágbára tó ni.

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ ọ̀hún rèé: níparí àwọn ọdún 1990, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ J. Reece Roth àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Tennessee l'Amẹ́ríkà fi hàn pé iná mànàmáná lè ti atẹ́gùn. Bàbà pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ṣe irinṣẹ́ náà, tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ọ̀kan wà lókè, ìkejì sá pa mọ́ sísàlẹ̀, téèpù tí iná ò lè gbà kọjá wà láàárín wọn. Wọ́n á wá fi iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì sí i, iná tó ń yí padà síwá-sẹ́yìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, atẹ́gùn etí bàbà yẹn á di pláàsímà, ìyẹn atẹ́gùn tí iná ti wọ̀, á máa tàn bí àwọ̀ àlùkò, á sì máa ti atẹ́gùn yòókù lọ síwájú. Kò sí páńpù, kò sí nǹkan kan tó ń yí. Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ waya NEPA gàgàrà nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tó gbọ́ bó ṣe ń dún ṣìììì, ó ti gbọ́ ohùn ìbátan ẹ̀.

Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí iwájú apá, atẹ́gùn tó fẹ́ ṣí kúrò á tún lẹ̀ padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Corke ní Yunifásítì Notre Dame l'Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí gan-an.

Àmọ́ kò tíì dé ibi táráyé ń pariwo ẹ̀ dé o. Atẹ́gùn tó ń tì kì í ju mítà díẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bàálù ńlá tó ń gbé èèyàn sì ń sáré bíi 250 mítà láàárín àkókò kan náà, nítorí náà bàálù kéékèèké ló bá mu jù, tàbí ìgbà tí bàálù bá ń gbéra àtìgbà tó bá ń balẹ̀. Òjò náà máa ń dà á láàmú.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí lójú ewé kan lóṣù, kẹ́ ẹ sì bi àwọn òǹkàwé ohun tó yẹ ká máa pe pláàsímà lédè wa, torí "atẹ́gùn tí iná ti wọ̀" ni mo ń pè é fáwọn ọmọ báyìí, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní ká ṣe é nílé ẹ̀kọ́, mo ní rárá, iná yẹn lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ti ní irinṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó wá ya àwòrán apá bàálù àti bàbà méjèèjì síwèé ńlá. Mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ bá a tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà fíísíìsì, Òṣogbo